Ifẹ̀ la ti wá, Abọmẹ la ti wá, Ìmẹ̀kọ la ti wá: kí ló dé tí ìtàn ìdílé kan náà fi ń rí bẹ́ẹ̀ ní Ketu?

Gbogbo ẹni tó bá fẹ́ kọ ìtàn bí àwọn èèyàn ẹ̀ ṣe dé Ketu ní orílẹ̀-èdè Benin, tàbí bí wọ́n ṣe dé abà kan ní agbègbè Ketu níbí, ojú kan náà ló ti máa ń dàrú mọ́ wọn lọ́wọ́. Wọ́n á lọ bá bàbá àgbà, bàbá á ní Ifẹ̀ la ti wá. Wọ́n á lọ bá yá àgbà nínú agboolé kan náà, yá á ní Abọmẹ, olú ìlú ọba Dàhòmè, ni bàbá òun ti wá. Wọ́n á tún bá ẹ̀gbọ́n kan tó ń dáko lẹ́bàá ibodè, ìyẹn á ní rárá o, Ìmẹ̀kọ lápá Nàìjíríà la ti wá, sàréè bàbá ńlá wa ṣì wà níbẹ̀. Ni ọmọ tó gbé kàyé, ìwé ìkọ̀wé ẹ̀, dání á bá ti kàyé ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á ní àwọn àgbà yìí ò mọ ìtàn, tàbí kó mú èyí tó wù ú nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kó gbé e sórí Facebook pé òun ló jóòótọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára gan-an tóri àwọn tó mọ ìtàn yẹn ń lọ lójoojúmọ́, àwa tó kù la sì ń pè wọ́n ní onírọ́. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló lè jóòótọ́. Ìbéèrè wa ló ní àbùkù. Tá a bá ní "níbo lẹ ti wá?", nǹkan mẹ́rin là ń béèrè lẹ́ẹ̀kan náà láì mọ̀: níbo ni ìdí ọba ti wá, níbo ni ìdílé tiyín gan-an ti wá, níbo lẹ wà lásìkò tí ogun tú ìlú, níbo lẹ wà kẹ́ ẹ tó dé orí ilẹ̀ tẹ́ ẹ wà lónìí. Kálukú á mú èyí tó bá sún mọ́ ọn lọ́kàn á sì fi dá yín lóhùn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti Ifẹ̀. Ìtàn tí ààfin Ketu ń sọ ni pé Ṣóìpàṣán kó àwọn èèyàn ẹ̀ kúrò ní Ifẹ̀, wọ́n rìn lọ sápá ìwọ̀ oòrùn títí wọ́n fi dé Òkè Ọ̀yán, ibẹ̀ ni wọ́n ti pínyà, àwọn kan gba ọ̀nà Ọ̀yọ́, àwọn kan gba ọ̀nà Ṣábẹ̀ẹ́, Ṣóìpàṣán àti tiẹ̀ lọ dó sí Arò. Ọba jẹ tẹ̀ léra wọn ní Arò títí ó fi kan Edé, Edé ló wá kó wọn kúrò níbẹ̀ wá síbi tí Ketu wà yìí, ọdẹ kan tó ń jẹ́ Alálùmọ̀n ló sì ṣíwájú wọn tóri òun ló mọ inú igbó yẹn.

Ìtàn dáadáa ni, mo fẹ́ràn ẹ̀, àmọ́ ẹ fiyè sí i pé ìtàn ìdí ọba ni. Kò sọ pé gbogbo ẹni tó ń gbé Ketu lónìí ló bá Edé rìn. Nínú ìtàn yẹn kan náà, nígbà tí wọ́n dé, wọ́n bá ìyá àgbà kan ní agbègbè yìí tí kì í ṣe ará Ifẹ̀, ọwọ́ ẹ̀ ni wọ́n ti gba iná tí wọ́n fi dá ààrò ìlú tuntun. Ẹ rò ó wò ná. Tí èèyàn bá ti wà níbẹ̀ tó níná, ilẹ̀ ò ṣófo. Ààfin gan-an ò fi pa mọ́, àwa tá à ń kọ ọ́ la máa ń fò ó. Títí dòní, àwọn Màhí àti Fọ̀n wà nínú Ketu, ẹ lọ sápá Adakplamè ẹ ó rí i, àwọn náà nítàn bí wọ́n ṣe dé, àwọn míì sì sá ogun wá ni. Ìtàn Ketu ò pé tí ò bá sí tiwọn ńbẹ̀.

Ẹ tún wò ó láti ẹ̀gbẹ́ kejì. Ìwé ìtàn Yorùbá tí àlùfáà Samuel Johnson kọ, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, ọ̀nà míì ló gbà: ohun tó ní ńbẹ̀ ni pé ọmọ-ọmọ Odùduwà kan tó jẹ́ obìnrin ló bí Alákétu, ọba Ketu. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fi èyí bá ara wọn jà, èwo lòótọ́, èwo nirọ́. Johnson gbọ́ tiẹ̀ lápá Ọ̀yọ́, ohun tó sì ká àwọn Ọ̀yọ́ lára ni bí gbogbo ọba ṣe bá tiwọn tan. Àwa ní tiwa, ìrìn ló ká wa lára, ibi tá a gbà, ibi tá a sùn, ẹni tó mọ̀nà. Ẹni tó bá ń kọ ìtàn, kó kọ méjèèjì sílẹ̀, kó sọ ibi tó ti gbọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó má fi ọ̀kan pa ọ̀kan.

Ní Ketu, ẹnì kan wà tí iṣẹ́ ẹ̀ jẹ́ pé kó mọ ìtàn yìí lórí, Bàbá Ẹlẹ́gùn, ipò náà wà nínú ìdílé Oyèdé. Tí wọ́n bá fẹ́ fọba jẹ, òun ló máa ka ìtàn ìlú àti orúkọ àwọn ọba tó ti jẹ síwájú, kì í sì í ṣe ohun tá a fi ń ṣeré, kò gbọ́dọ̀ fo nǹkan kan. Fún orúkọ ọba, mi ò mọ ibi tó tún dáa ju ẹnu ẹ̀ lọ. Fún ìtàn agboolé yín ńkọ́, ìyẹn ò sí lára iṣẹ́ ẹ̀, ilé yín lẹ máa wá ìyẹn sí. Ohun kan tún wà tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀: ní 1956, míṣọ́nnárì Mẹ́tọ́díìsì kan tó ń jẹ́ Geoffrey Parrinder kọ ìtàn Ketu jáde nínú ìwé, àwọn tó lọ lékọ́ọ̀lì kà á, wọ́n sọ ọ́ fún bàbá wọn, bàbá wọn sọ ọ́ fún ọmọ tó tẹ̀ lé e. Ìyẹn ni pé tẹ́ ẹ bá gbọ́ ìtàn kan náà lẹ́nu èèyàn mẹ́fà, orúkọ ò yẹ̀, ètò ẹ̀ ò yẹ̀, ẹ má tíì sọ pé ẹlẹ́rìí mẹ́fà lẹ ní o, ó lè jẹ́ ìwé kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń tún sọ. Ẹ fara balẹ̀ bi wọ́n: "Bàbá, ta ló sọ èyí fún yín?" Ẹni tó bá ní "bàbá bàbá mi ni, lóko, nígbà tá a bá ń ṣọ́ àgbàdo", tọ̀hún yàtọ̀ sí ẹni tó ní "ó wà nínú ìwé".

Ọ̀rọ̀ ọdún wá ńkọ́? Ẹ máa rí i níbi púpọ̀ pé wọ́n kọ ọ́ gbangba pé ọdún báyìí ni wọ́n tẹ Ketu dó. Ẹ wò bí wọ́n ṣe ń rí ọdún yẹn: wọ́n á ka iye ọba, wọ́n á fi iye ọdún tí wọ́n rò pé ọba kan ń lò lórí oyè sọ ọ́ di púpọ̀. Ká ní ọba 40. Tẹ́ ẹ bá fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ọdún 10, ọdún 400 nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá fún un ní 20, ó di 800. Ọba kan náà, ìyàtọ̀ 400 ọdún! Ti Ketu tún wá le sí i tóri ìdílé márùn-ún ló ń jọba, Aláàpínni, Mágbò, Arò, Mẹ́ṣà àti Mẹ́fù, ó ń yípo láàárín wọn, kì í ṣe bàbá sí ọmọ. Ẹni tó gorí oyè lè jẹ́ ẹgbẹ́ ẹni tó wàjà, ó lè ti dàgbà kó tó jẹ, kó má pẹ́ níbẹ̀. Tóri náà iye ọba kì í ṣe iye ìran. Àwọn ọba nìkan kọ́ ló sì ṣàkóso ìlú: Alaba Ida, olorì Alákétu Onyegen, àwọn Fáránsé gbé agbára lé e lọ́wọ́ débi pé òun ni ìlú ń gbọ́ràn sí lẹ́nu nígbà tiẹ̀, ẹ máa wá a nínú orúkọ àwọn ọba títí, ẹ ò ní rí i. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kọ ọdún tẹ́ ò sì ní ẹ̀rí, ẹ kọ "nígbà ọba báyìí". Ó kúkú tó.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká dé orí Abọmẹ, tóri ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìtàn ìdílé ti ń fọ́ sí méjì.

Ketu jẹ́ ìlú olódi. Ẹ lọ sí Àkábà Ìdènà, ẹnu odi ìlú, kẹ́ ẹ fojú yín rí i: ògiri amọ̀ tó nípọn, ìlẹ̀kùn níta, ìlẹ̀kùn nínú, àyè wà láàárín méjèèjì níbi tí àwọn oníbodè ti ń yẹ èèyàn wò, yàrà jíjìn sì wà níwájú odi. Odi yẹn fúnra ẹ̀, ìwé ìtàn ni. Tẹ́ ẹ bá fẹsẹ̀ tọ ojú yàrà yẹn níbi tó kù sí, ẹ máa mọ ibi tí ìlú parí sí nígbà yẹn, àdúgbò tó bá wà níta ẹ̀ lónìí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé lẹ́yìn ogun ni wọ́n dó síbẹ̀, ẹ wá lọ bi wọ́n léèrè. Èmi ò rò pé ó yẹ kéèyàn kọ ìtàn Ketu láì rìn yí i ká.

Odi yẹn ò gba ìlú sílẹ̀ ṣá. Ogun Dàhòmè wá lẹ́yìn 1880, nígbà ọba Glele, nígbà tó fi máa di 1886 wọ́n ti dó ti ìlú, wọ́n gbà á, wọ́n sun ún, wọ́n kó àwọn tó kù lẹ́rú lọ sápá Abọmẹ. Ketu ṣófo. Ní November 1892 ni ọ̀gágun Dodds kó àwọn sójà Fáránsé wọ Abọmẹ, ìgbà yẹn ni àwọn ará Ketu tó wà lóko ẹrú níbẹ̀ ráyè, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í padà wálé ní 1893, ní 1894 wọ́n fi Onyegen jọba lórí ìlú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tún kọ́.

Ẹ ti rí ohun tí yá àgbà ń sọ báyìí. Bàbá ẹ̀ ti Abọmẹ wá lóòótọ́, ibẹ̀ ni wọ́n ti lè bí i, ó lè jẹ́ ibẹ̀ ló ti fẹ́yàwó, ó lè gbọ́ Fọ̀n ju bó ṣe gbọ́ Ketu lọ nígbà tó dé. Wọ́n padà wálé ni, àmọ́ fún ọmọ tí wọ́n bí lóko ẹrú, wíwá ni, kì í ṣe pípadà. Kì í sì í ṣe gbogbo ilé ló padà. Àwọn kan ti sá lọ sápá ìlà oòrùn kí ìlú tó fọ́. Àwọn kan dúró sọ́hùn-ún títí wọ́n fi di ará ibẹ̀. Àwọn míì ti rékọjá òkun tipẹ́tipẹ́ ṣáájú, nínú ogun Dàhòmè ti àtijọ́: ẹ lọ sí Salvador ní Bahia, ní Bùràsílì, orúkọ Ketu ni ẹ̀yà Candomblé, ẹ̀sìn òrìṣà wọn, tó gbajúmọ̀ jù ń jẹ́, ilé òrìṣà kan sì wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Alaketu, ìtàn tiwọn ni pé obìnrin kan láti ìdílé ọba Arò ló dá a sílẹ̀. Àwọn tó tún ìlú kọ́ ní 1894, kì í ṣe gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ní 1886, kì í sì í ṣe gbogbo àwọn tó tẹ̀ lé wọn wálé ló jẹ́ ọmọ Ketu tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá fo ọdún méje, mẹ́jọ yìí nínú ìtàn ẹ̀, tó kàn gba orí Edé já sórí òní, ó ti sọ ìdajì ìtàn nù.

Ibodè ló kù. Èyí máa ń yà mí lẹ́nu: August 10, 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Fáránsé jọ fọwọ́ sí ìwé tí wọ́n fi pín ilẹ̀ wa. Ẹ fi ọdún yẹn sáàárín 1886 àti 1893. Ìgbà tí wọ́n ń fa ìlà yẹn, Ketu ti di ahoro, àwọn tó ni ín wà lóko ẹrú, kò sí ẹni tó bi wọ́n léèrè nǹkan kan. Ìlà bọ́ sáàárín, Ketu di ti Fáránsé, Ìmẹ̀kọ tó jẹ́ pé láti Ketu ni wọ́n ti lọ tẹ̀ ẹ́ dó di ti Gẹ̀ẹ́sì, Ìlárá bọ́ sẹ́nu ibodè gan-an. Síbẹ̀ ọmọ ìyá kan náà ló wà lápá méjèèjì, wọ́n ń fẹ́ ara wọn, wọ́n ń sin òkú ara wọn.

Nígbà tí ìyà Fáránsé wá le, owó orí, iṣẹ́ tipátipá lójú ọ̀nà, kíkó àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin lọ jagun ní 1914 sí 1918, ọ̀pọ̀ ló di ẹrù lóru tó bọ́ sápá Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀jọ̀gbọ́n Asiwaju, ọmọ Ìmẹ̀kọ, ti kọ púpọ̀ lórí èyí. 1946 ni òfin tó fòpin sí iṣẹ́ tipátipá jáde, àwọn kan padà, àwọn kan ò padà, àwọn míì padà ní 1983 nígbà tí Nàìjíríà ní kí àwọn àjèjì tí ò níwèé máa lọ. Ẹ̀gbọ́n tó ní Ìmẹ̀kọ la ti wá ò purọ́. Bàbá ńlá ẹ̀ kúrò ní Ketu, ó sá fún owó orí lọ Ìmẹ̀kọ, ó kú síbẹ̀, ọmọ ẹ̀ wá padà wá dáko lápá ibí. Ọ̀nà kan ò wọjà.

Tí èyí bá ti yé wa, bí a ṣe máa béèrè ọ̀rọ̀ á yí padà. Ẹ yé bi wọ́n ní "níbo lẹ ti wá". Ẹ bi wọ́n pé: ibo lẹ sin bàbá bàbá yín sí? Ta lẹ tọrọ ilẹ̀ yìí lọ́wọ́ ẹ̀, kí lẹ sì fún un? Òrìṣà wo lẹ gbé wá, èwo lẹ bá níbí? Kí ni ilé yín ò gbọ́dọ̀ jẹ? Orúkọ ìlú máa ń yí lẹ́nu èèyàn, èèwọ̀ kì í tètè yí, oríkì náà bẹ́ẹ̀. Tí ilé méjì tí ò bára wọn gbé bá ní èèwọ̀ kan náà tí oríkì wọn sì jọra, ẹ dúró síbẹ̀ kẹ́ ẹ wádìí ẹ̀ dáadáa. Fún oríkì, ẹ má lọ sọ́dọ̀ àwọn bàbá nìkan, àwọn ìyàwó ilé ló mọ̀ ọ́n jù, àwọn ló ń fi í kí ọkọ àti ọmọ láràárọ̀, ìyàwó tó ti pẹ́ nílé sì lè sọ ohun tí onílé fúnra ẹ̀ ti gbàgbé. Wọ́n kì í sábà bi wọ́n, ìyẹn ló ń bí mi nínú jù nínú gbogbo ìwé ìtàn ìlú tí mò ń rí.

Ẹ bi wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tẹ́ ẹ bá kó gbogbo agboolé jọ, ẹni tó dàgbà jù á sọ̀rọ̀, àwọn tó kù á máa ní bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, tóri ọ̀wọ̀, kò sí ẹni tó máa já bàbá nírọ́ lójú àlejò. Ẹ má sì fi ìdáhùn sí wọn lẹ́nu, ẹni tó bá bèèrè pé "Bàbá, ṣebí Ifẹ̀ lẹ ti wá?", ó ti dá ara ẹ̀ lóhùn.

Ọjọ́ orí àti ọdún náà lọ́gbọ́n tiẹ̀. Ìwé ọjọ́ orí ọ̀pọ̀ àgbà wa, "né vers 1935" (wọ́n bí i ní nǹkan bí 1935) ló wà lórí ẹ̀, ìyẹn ni pé ẹni tó kọ ọ́ kàn fojú wọ̀n ọ́n ni. Ẹ má gbára lé e. Ẹ fi nǹkan tí gbogbo ayé mọ̀ wọ̀n ọ́n: ṣé wọ́n ti bí yín nígbà tí iṣẹ́ tipátipá ṣì wà? Báwo lẹ ṣe tó nígbà tá a gba òmìnira ní 1960? Nígbà tí Kérékou gbàjọba ní 1972, ọmọ mélòó lẹ ti bí? Ẹ máa rí i pé ọdún á bẹ̀rẹ̀ sí í dúró síbi tó yẹ.

Ìwé náà wà o. Ilé àkójọ ìwé ìjọba wà ní Àjàṣẹ́, ní Wándó, èyí tó kan apá Gẹ̀ẹ́sì wà ní Ìbàdàn, ti àwọn Fáránsé tí wọ́n kó lọ wà ní Aix-en-Provence. Àwọn CMS, àwọn míṣọ́nnárì Áńgílíkà, náà kọ̀wé sílé láti ibí, Àjàyí Crowther fúnra ẹ̀ dé Ketu ní 1853, ìlú ṣì wà lódidi nígbà yẹn. Ẹ kà wọ́n, àmọ́ ẹ rántí pé ọ̀gá Fáránsé tó kọ ìtàn abúlé, ògbufọ̀ ló bá a gbọ́, ẹni tó sì wà nítòsí ló bi.

Nǹkan kan wà tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún gidi. Àtìgbà tí òfin ilẹ̀ ti 2013 ti jáde ní Benin, tí kálukú ń wá ìwé fún ilẹ̀ ẹ̀, ọ̀rọ̀ "àwa la kọ́kọ́ dé" ti kúrò ní ìtàn lásán, ó ti di owó. Ẹni tẹ́ ẹ lọ bá lè máa sọ ohun tó fẹ́ kí ilé ẹjọ́ gbọ́. Ẹ kọ ohun tó sọ, ẹ kọ ọ́ pé òun ló sọ ọ́, ẹ lọ bá ẹni tí wọ́n jọ ní ààlà. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ pé ẹrú tàbí ìwọ̀fà ni bàbá ńlá ilé kan, ẹ má gbé e síta, ọmọ wọn ṣì ń fẹ́yàwó láàárín ìlú. Ohun tó bá jẹ́ awo, tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ pa pọ́tábù, fóònù tẹ́ ẹ fi ń gba ohùn sílẹ̀, ẹ pa á.

Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gba ohùn èèyàn sílẹ̀, ẹ sọ ọjọ́, ibi tẹ́ ẹ wà àti orúkọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sínú ẹ̀, tóri lọ́dún mẹ́wàá sí i kò sí ẹni tó máa mọ ohùn ta ni. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ náà bó ṣe jáde lẹ́nu wọn, ní Ketu tí wọ́n fi sọ ọ́, ẹ má tún un ṣe. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ kí ayé gbọ́ ọ tàbí kó wà fún ilé nìkan. Kẹ́ ẹ fún ìdílé náà ní ẹ̀dà kan lọ́wọ́ kí èyíkéyìí tó dórí íntánẹ́ẹ̀tì.